Mẹ́rìndínlógún ti Ìyá Àgbà

"Yọ mẹ́rin kúrò nínú ogún yẹn. Mélòó ló kù?"

Ẹ̀gúsí ni Ìyá Àgbà tò sórí atẹ níwájú ilé wa ní Jikwoyi, nítòsí olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, ogún géérégé. Ó ń bó ìyókù lọ, èèpo rẹ̀ ń dún pá, pá lẹ́nu èékánná rẹ̀. Mo yọ mẹ́rin, mo ní, "Mẹ́rìndínlógún, mà."

"Ṣé o rí i? Mẹ́rin ló dín ní ogún. Orúkọ rẹ̀ ti bá ọ dáhùn."

Òun ló bí ìyá mi. Láti Èkìtì ló ti wá tọ́jú mi, nítorí òṣìṣẹ́ ìjọba ni àwọn òbí mi, wọn kì í sì í tètè wọlé. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó kọ́ òun.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí tísà wa ní, "Write sixteen." Yorùbá ni mo fi rò ó: mẹ́rin, ó dín, ogún. Ni mo bá kọ 420. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ojú tì mí gan-an. Tísà sọ fún ìyá mi pé orí mi kò gba ìṣirò, pé wọ́n máa dá mi padà sí nọ́sìrì.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà wé gèlè, ó fà mí lọ́wọ́, ó di iwájú tísà.

"Bi í ní ìṣirò kí n gbọ́."

"Ẹ má bínú, mà, a kì í sọ Yorùbá níbí o. English only."

"Kí wá ni ìwọ sọ tán yìí?"

Tísà rẹ́rìn-ín tipátipá. "Twenty minus three?"

"Mẹ́tàdínlógún!"

"Thirty minus two?"

"Méjìdínlọ́gbọ̀n!" Tísà ní mo gbà á. Àwọn ẹgbẹ́ mi ṣì ń ka ìka ọwọ́.

"Ó mọ̀ ọ́n," ni Ìyá Àgbà wí. "Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni kó o kọ́ ọ. Ọmọ mi ò ní padà sẹ́yìn."

Wọn kò dá mi padà. Wọn kò sì tọrọ àforíjì, inú ṣì ń bí mi sí i títí dòní.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe báyìí, Yorùbá ni mo sì fi ń ro gbogbo ìṣirò mi. Lóṣù tó kọjá, ilé ìwé ọmọ mi ní Lugbe kọ̀wé sí mi pé kí n yé fi Yorùbá kọ́ ọ ní òǹkà, pé ó ń dà á láàmú. Mo fèsì lọ́jọ́ náà gan-an. Ojú ìwé méjì ni, Yorùbá sì ni mo fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀.