Álọ́ọ̀mù Inú Táǹkì

Títì Àgbádárìgì ló jẹ yàrá wa ní Okokomáíkò. Katakata ló wó o, ọkọ mi ló sì ń wa katakata. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín; èmi ò rí ẹ̀rín rín nígbà náà, oyún àkọ́bí mi ti wọ oṣù ìbí.

Fọ́máànù wọn níbi iṣẹ́ títì ṣàánú wa, ó ní kí a kó sínú káráfáànù tí òyìnbó kan fi sílẹ̀ nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ilé onítáyà ni, irú èyí tí ọkọ̀ ń fà kiri. Ó ní ibùsùn, ó ní sítóòfù, ó sì ní ẹ̀rọ omi. Táǹkì wà lábẹ́ ibùsùn; pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀ ló ń fa omi wá sẹ́nu ẹ̀rọ. Gbogbo àdúgbò ń jowú wa. Owó epo ni rédíò ń ròyìn lójoojúmọ́, wọ́n rò pé ó ti kàn wá nìyẹn. Wọn ò mọ̀ pé omi kànga tí àwọn náà ń rù ni à ń dà sínú táǹkì.

Mo bí ọmọkùnrin. Ìyá mi wá láti Ìlaròó láti bá mi wẹ ọmọ. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, kò sì sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní ohun tó ti mọ̀. Nílé rẹ̀, a kì í mu omi tí kò fi álọ́ọ̀mù sí. Á fi í ro omi inú ìkòkò, ìdọ̀tí á silẹ̀, a ó sì máa fi ife bu èyí tó tòrò lókè. Bó ṣe rí omi kànga wa, ó ju álọ́ọ̀mù sínú táǹkì. Mo rí i, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Omi ìkòkò rẹ̀ ni èmi náà mu dàgbà.

Gbogbo ìgbà tí a bá da omi tuntun sí i ló ń ju òmíràn sí i. Tó bá wẹ ọmọ tán, á gbọn omi ẹ̀rọ sí àtẹ́lẹwọ́, á fi rọ ọ́. Omi náà ń funfun díẹ̀.

“Álọ́ọ̀mù ni,” ìyá mi wí. “Ohun tó ń fọ omi ò lè pa ọmọ.”

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Nọ́ọ̀sì kan ní Ọ̀jọ́ ní kí a máa fún un lómi tó mọ́, léraléra, kí ara rẹ̀ má baà gbẹ. Omi tó mọ́ jù tí a mọ̀ ni omi ẹ̀rọ wa. A fún un, a tún fún un.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ojú ọmọ wọnú ni ẹ̀rọ kọ̀. Pọ́ǹpù ń kùn, omi kàn ń kán tó, tó.

“Ìyá, pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ o,” ni ọkọ mi wí. “Bátìrì náà ò ní problem.”

Ó tú ẹnu ẹ̀rọ, ó fi ẹnu fẹ́ páìpù, kò gbà. Ó gbé ibùsùn kúrò, ó tú páìpù nídìí táǹkì. Omi kọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni, ó ki bí ẹ̀kọ, ó sì ń rùn. Omi tó wà lókè mọ́ gaara.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó wo ibi tí páìpù ti wọ táǹkì.

“Bàbá ọmọ, ṣé ìsàlẹ̀ ló ti ń fa omi ni?”

“Ìsàlẹ̀ ni, Ìyá.”

“Látọjọ́ yìí?”

Ìdọ̀tí tí à ń fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò ni a ti ń fún ọmọ mu.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ ti lọ. Àwọn obìnrin àdúgbò wá, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tu abiyamọ nínú, síbẹ̀ mo lé wọn jáde. N ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ omi létí mi. Ìyá mi nìkan ni n ò lé.

A kó lọ sí Iba, sí yàrá kan tí ìkòkò omi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo tún bímọ, ìyá mi wá. Ó fọ aṣọ, ó se agbo, ó jókòó, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́. Ìkòkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó o. Èmi ló na ife sí.

“Jọ̀ọ́, ọmọ mi, ìwọ bá mi bu omi.”

Mo dìde pẹ̀lú ara abiyamọ tuntun, mo bu tòkè fún un.