Bí Mo Ṣe Kó Ilé Wa sínú Díìsìkì Tuntun

Ilé tí wọ́n bí mi sí ní Awoye ti di omi. Òkun gbé e tàdìrò-tàdìrò, ó gbé ibi tí ìyá mi ti ń yan ẹja. Àwòrán ilé náà kan ṣoṣo tó kù wà nínú kọ̀ǹpútà mi ní Igbókòdá, díìsìkì inú kọ̀ǹpútà náà sì ti ń ké. Tí mo bá tan án, mo lè wẹ̀, kí n jẹ púpurú tán, kó má tíì jí. Ẹ̀rù ń ba ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, pé lọ́jọ́ kan díìsìkì náà yóò dákẹ́, àwòrán á sì bá a lọ. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, àmọ́ ìbínú ni mo fi ń bò ó.

Mo ra díìsìkì tuntun, irú tí wọ́n ń pè ní SSD, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó yẹ kí n ṣe àdàkọ ti àtijọ́ sínú rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè máa jí láti ibẹ̀. Wọ́n pín inú ti àtijọ́ sí apá ńlá kan àti kékeré méjì. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi kékeré ṣe?

Ẹ má bú mi. Lọ́dọ̀ wa, tí òkun bá lé ènìyàn, pákó ilé la máa ń tú kó sínú ọkọ̀. Òpó la máa ń fi sílẹ̀ sínú omi, torí iyọ̀ ti jẹ ẹ́. A óò gé tuntun níbi tí a bá ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kó apá ńlá nìkan.

Mo yọ ti àtijọ́, mo tan kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ dúdú, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò rí ohun tí òun yóò fi jí.

“Ọma mi, ṣé ó ti kú?”

“Kò kú, Màmá! Ẹ jẹ́ n ronú.”

Mo wò ó lórí fóònù. Àṣé àwọn kékeré yẹn ló ń jí kọ̀ǹpútà! Mo ṣàlàyé fún ìyá mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Òpó tí iyọ̀ kò jẹ, ta ní í fi sílẹ̀?”

Mo dá díìsìkì àtijọ́ padà, mo bẹ Ọlọ́run, mo sì kó gbogbo rẹ̀. Ó ń kérora títí ó fi parí. Mo yọ ọ́, mo tan kọ̀ǹpútà, mo wọ ibi tí wọ́n ti ń yan díìsìkì tí kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ wò, mo fi tuntun ṣíwájú. N kò tíì jókòó dáadáa tó fi jí. Mo ṣí àwòrán ilé wa.

“Ulí wa rè é,” ni ìyá mi wí, ó fọwọ́ kan ẹnu ọ̀nà inú àwòrán náà. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn gan-an.

Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá òkun kò lè dé inú èyí. Mo ní òkun kò lè dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n díìsìkì tuntun náà lè bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Mo ní mo lè fi àwòrán náà ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn àbúrò mi, kó má baà wà lójú kan ṣoṣo. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ tí mo fẹ́ bù jẹ kúrò níwájú mi, ó ní kí n kọ́kọ́ ṣe ìyẹn ná kí n tó jẹun.