Òwú Tó Kọ̀ Tí Kò Mu Omi Mọ́

Ní ọdún tí ọyẹ́ mú gan-an ní Ifangni, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán nímú ìyá mi láràárọ̀. Kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀rù sì bà mí. A jọ gun zémíjàn, ọ̀kadà akérò, lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní afẹ́fẹ́ tó gbẹ jù ló ń mú kí inú imú rẹ̀ máa ya. Ó fún un ní ìpara, ó sì ní kí n wá ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yàrá rẹ̀ yóò fi ní omi díẹ̀ nínú. Mo ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé nílẹ̀ Faransé. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ẹnìkan tó ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀ gbé páálí kan wá fún wa.

Ẹ̀rọ funfun kan ló wà nínú rẹ̀, kò ga ju garawa lọ. Nísàlẹ̀ ni omi ń gbé, fáànù kékeré wà lókè, láàrin wọn ni nǹkan kan tó rọ̀ dúró sí, tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé lórí fóònù pé nǹkan yẹn ló ń fa omi sókè, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, tí fáànù yóò sì fẹ́ atẹ́gùn gba ara rẹ̀ kọjá sínú yàrá. Ó dárúkọ rẹ̀ ní Faransé. Òwú ni èmi àti ìyá mi ń pè é ní tiwa.

“Omi òjò ni kí ẹ máa bù sí i o,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Kò sọ ìdí rẹ̀, èmi náà kò sì bèèrè.

Ìyá mi jókòó ti ẹ̀rọ náà, ó ń wò ó. “Èéfín rẹ̀ dà?”

“Kì í yọ èéfín, Màmá.”

“Omi wo ló wá ń lọ sínú yàrá tí ojú ò rí?”

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Aránṣọ ni mí, nítorí náà mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sára aṣọ, mo fa ìlà kan sára ẹ̀rọ náà níbi tí omi dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti fi ìlà náà sílẹ̀ tó ìbú ọwọ́ kan. Ilẹ̀ yàrá gbẹ, ògiri gbẹ. Mo pe ìyá mi wá wò ó. Ó fọwọ́ kan imú rẹ̀, ó ní òun rò pé òun ti mọ ibi tí omi náà gbà lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ̀jẹ̀ ti dá.

Ó tó bí oṣù kan kí n tó ṣàkíyèsí pé omi kò fi ìlà sílẹ̀ mọ́. Ìlà àná náà ni omi òní dúró sí. Ní ọjọ́ kẹta, mo tún rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ìbora ìyá mi. Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó tan iná sí i, ó gbé etí lé e.

“Bon, Ìyá aránṣọ, fáànù yín ń ṣiṣẹ́ o. Ẹ tọwọ́ bọ inú rẹ̀ wò.”

Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Òwú tó rọ̀ tẹ́lẹ̀ ti le bíi gbáàgúdá gbígbẹ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù, òkè rẹ̀ gbẹ táútáú, ara rẹ̀ sì ti pọ́n bí ìpẹtà.

Níbo ni ìpẹtà ti wọ inú omi òjò? Omi tí a gbè sínú àgbá ńlá lẹ́yìn ilé, tó mọ́ débi pé èèyàn lè rí ìsàlẹ̀ àgbá? Mo bu omi òjò sínú àwo funfun kan, mo bu omi kànga wa sínú òmíràn, mo gbé méjèèjì síwájú ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn, mo sì fi àjákù aṣọ àwọ̀n tí mo fi rán aṣọ ìyàwó bò wọ́n nítorí eruku. Àwọn oníbàárà mi ń bèèrè bóyá oúnjẹ ni mo ń sá. Nígbà tí omi inú wọn gbẹ tán, àwo omi òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ bí ìgbà tí mo gbé e síta. Ti omi kànga fi òrùka pupa kan sílẹ̀ ní ìdí àwo. Mo fi èékánná họ ọ́, ó le. Ohun kan náà ló wà lára òwú.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé omi nìkan ló ń lọ. Ohun tó wà nínú omi kì í bá a lọ, inú òwú ló ń kó ara rẹ̀ jọ sí.

Mo gbé àwo méjèèjì síwájú ìyá mi. “Màmá, ta ló ń bu omi kànga sínú ẹ̀rọ yìí?”

Ó wo àwo, ó wò mí. “Èmi ni,” ló wí. “Omi òjò tí mo ń ṣọ́ mu títí òjò yóò fi tún dé, kí n wá máa bù ú fún ẹ̀rọ? Mo ní omi ni omi.”

“Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí di àná.”

A bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fi ìka họ òrùka inú àwo. “Irú èyí kọ́ ló máa ń wà ní ìdí ìkòkò tí a fi ń se omi? Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́.”

Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún mi rí. Àǹtí mi kan ní Tchaada fi ọsàn wẹ́wẹ́ ránṣẹ́ sí wa. Mo fún omi rẹ̀ sínú omi òjò, mo rẹ òwú náà sínú rẹ̀. Ó yọ ìfófó wẹ́wẹ́, omi náà pọ́n, òwú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Inú mi dùn jù. Mo gbé e jáde, mo fún un bí ẹni ń fún aṣọ tí wọ́n fọ̀, ó sì ya sí méjì lọ́wọ́ mi.

Ìyá mi gba ìdajì kan lọ́wọ́ mi, ó sì mi orí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun yóò ra tuntun, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí òun bá rí ẹni tó ń bọ̀. Ọyẹ́ kò lè dúró de ìyẹn. Mo gé aṣọ oríṣiríṣi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi abẹ́rẹ́ há wọn mọ́ okùn, mo ki ẹsẹ̀ wọn bọ inú abọ́ omi tí mo po búlúù ìfọṣọ sí, kí n lè rí bí omi ṣe ń gùn wọ́n. Aṣọ dídán kò mu rárá. Áńkárá tuntun ń lọ́ra. Tówẹ̀lì mu dáadáa. Ìyá mi gbé àpótí wá, ó jókòó, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo eré ìje. Lójijì ó dìde wọlé, ó sì mú ọ̀já funfun kan jáde.

“Fi èyí dán an wò.”

Mo ki etí rẹ̀ bọ omi. Omi sáré gùn ún kọjá gbogbo ìyókù.

“Ọ̀já tí mo fi pọn ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ ni,” ló wí. “Gé e.”

Sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò lè gé e. Ojoojúmọ́ ni mo ń gé aṣọ, síbẹ̀ mo ká ọ̀já náà, mo nà án sí i.

“Ẹ jẹ́ kí n wá òmíràn, Màmá.”

“Àwọn tí mo fi pọ̀n ti dàgbà. Imú mi ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Gé e, jàre.”

Mo gé e. Nígbà àkọ́kọ́, mo ká a nípọn jù, atẹ́gùn kò rí ọ̀nà gbà. Mo tú u, mo wá ṣẹ́ ẹ po bí a ṣe ń ṣẹ́ síkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ iléèwé, kí àyè lè wà láàrin ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, omi ti fi ìlà ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, mo bá rán ìkejì lára ìyókù ọ̀já náà. Bí ọ̀kan bá wà lẹ́nu iṣẹ́, a ó fọ èkejì, a ó sá a sínú oòrùn. Omi òjò nìkan ni a sì ń bù. Ẹ̀jẹ̀ kò tún kán títí ọyẹ́ fi lọ.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí òwú tuntun mẹ́ta tó dé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo yẹ ọ̀kan wò títí, mo wá fi sísọ́ọ̀sì là á láàrin. Ìyá mi pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

“Kí lo ṣe yẹn? Tuntun!”

“Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Bébà ni, Màmá! Bébà lásán, pẹ̀lú irin tín-ín-rín.”

“O ti ba ọ̀kan jẹ́ nìyẹn.”

“Ó ku méjì.”

Ó wọlé wá bá mi. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́. “Mú un wá,” ló wí, “kí èmi náà rí i.”