Sìkíríìnì Kẹta fún Bàbá Àkànjí

Bí o bá dé ṣọ́ọ̀bù Àtinúkẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ohùn rẹ̀ lo máa kọ́kọ́ gbọ́ kó o tó rí òun fúnra rẹ̀. Ó lè tú kọ̀ǹpútà oníbàárà palẹ̀ tán, kí eruku bò ó dé ìpéǹpéjú, orin ò ní kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kó o ràn án. Bàbá Àkànjí ni ọ̀gá akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ tó bá dàgbà nínú ilé yẹn, kó tó mọ a-b-d ló ti mọ sol-fa, àwọn dó-ré-mí tí akọrin fi ń kọ́ orin tuntun.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ojú bàbá ń ṣe bàìbàì. Bébà orin iwájú rẹ̀ kò hàn sí i mọ́. Ó wá sọ fún ìjọ pé Sọ́ńdè ìkórè ni òun máa darí orin kẹ́yìn, òun á sì gbé ọ̀pá ìdarí fún pásítọ̀ kó wá ẹlòmíràn.

Àtinúkẹ́ ò gbà. Ó ní bébà ni kò dáa, kì í ṣe bàbá òun. Ló bá gbé sìkíríìnì gbàǹgbà kan lé itan nínú bọ́ọ̀sì, láti Ọ̀yọ́ títí dé Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí sol-fa lè máa yọ gàdàgbà níwájú bàbá.

Kọ̀ǹpútà ìjọ ti ní sìkíríìnì méjì tẹ́lẹ̀: ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, àti ti ara ògiri tí ìjọ fi ń ka ọ̀rọ̀ orin. Gíráfíìsì káàdì inú rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń gbé àwòrán jáde, ihò méjì péré ló ní. Àtinúkẹ́ bá ra káàdì kejì, tòkunbọ̀, fún ẹ̀kẹta.

Ọ̀sán Sátidé ni èmi ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ki káàdì tòkunbọ̀ bọlé, ó tan kọ̀ǹpútà. Ti bàbá tàn wàì! Ti ògiri àti ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kú. Ó yọ tòkunbọ̀, àwọn méjèèjì jí. Ó fi tòkunbọ̀ nìkan sí i, òun náà ṣiṣẹ́. Háà! Kò sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn, àfi tí wọ́n bá ti pàdé.

"Wọ́n dà bí àwọn oníkẹ̀kẹ́ Ọjà Igbó," ni mo wí. "Ọ̀kan di báàgì èrò mú, èkejì di apá rẹ̀ mú."

"Èrò ò sì ní délé láyé," Àtinúkẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá fọhùn láti àga iwájú. "Àtinúkẹ́, ṣé o ò ní jẹ́ kí n fẹ̀yìn tì wọ́ọ́rọ́wọ́ ni?"

"Bàámi, ẹ ò lè fẹ̀yìn tì. Itan ṣì ń ro mí."

"Èmi ni mo rán ẹ níṣẹ́?"

"Rárá o. Ẹ kàn bí mi ni."

Ó padà yé wa: sọ́fúwíà, ìyẹn ètò tó ń darí káàdì, èyí tí káàdì ìjọ ń gbọ́, tòkunbọ̀ ò gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà ò sì lè gba oríṣi méjì pọ̀. Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó tan iná fóònù. Igbe ló fi bọnu.

"Ẹ wá wò ó! Ihò kan rèé tí wọ́n fi rọ́bà dí! Kọ̀ǹpútà yìí ní gíráfíìsì tirẹ̀ tí wọ́n ṣe mọ́ ọn lára!"

Bí kọ̀ǹpútà bá ti rí káàdì, ó máa ń pa tara rẹ̀ tì ni. Àtinúkẹ́ yọ tòkunbọ̀ dànù, ó wọ inú ètò tó máa ń yọ kí kọ̀ǹpútà tó jí tán, ó ní kó ṣí tara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan tàn. Èjì tàn. Ẹ̀ta! Mo fò sókè débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá gbohùngbohùn lulẹ̀.

Sọ́ńdè dé. Bàbá ò lè mú sùúrù, ó ti dé ṣáájú gbogbo ayé, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ tan sìkíríìnì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan ti ògiri. Kọ̀ǹpútà bá pààrọ̀ ipò fún wọn. Nígbà tí orin ìkórè fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ orin lọ bá bàbá, sol-fa yọ lára ògiri sí gbogbo ìjọ.

Àtinúkẹ́ sáré na ọwọ́ sí máòsì.

Ni Ìyá Esther, àgbàlagbà kan tó ti fi akọrin sílẹ̀ tipẹ́, bá gbé e láti ìjókòó rẹ̀: "Só, lá, só, mí..." Àwọn bàbá ẹ̀yìn fi ohùn ìsàlẹ̀ gbè é. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń kọ dó-ré-mí lóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń ṣì í, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá tẹjú mọ́ sìkíríìnì rẹ̀. Lẹ́tà ńláńlá. "Mo rí i!" ló pariwo. "Sol-fa kọ́ ló wà níbí, ṣùgbọ́n mo rí i!" Ọ̀pá ìdarí sì fò sókè.

Àtinúkẹ́ ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí máòsì.

Lẹ́yìn ìsìn, pásítọ̀ rọra sún mọ́ bàbá, ó na ọwọ́ méjèèjì láti gba ọ̀pá, bí wọ́n ṣe jọ sọ ọ́.

Bàbá fi ọ̀pá há abíyá. "Ọ̀pá wo nìyẹn, pásítọ̀? Ẹ bá mi pe Àtinúkẹ́ ná. Ẹ ní kó gba sol-fa mi lọ́wọ́ ìjọ kó tó di Sọ́ńdè tó ń bọ̀."