Bí Mo Ṣe Gbé Omi Bàbà Lọ sí Bódìjà

Wọn kò tíì kí ìrun àsùbáà tán nígbà tí mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi lé èjìká, tí mo forí lé gáréèjì. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa ri yẹtí àti ìdè bẹ́líìtì sínú omi bàbà títí wọn yóò fi máa dán. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé ìyá mi ti ń bì láti bí oṣù méjì, wọ́n sì ń sọ pé omi kànga wa ń ta lẹ́nu bí ẹni lá kọ́bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé omi ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀bù mi ló fà á. Mo wá gbọ́ pé obìnrin onímọ̀ kan ní Bódìjà ń fi iná mọ̀nàmọ́ná yọ irin kúrò nínú irú omi bẹ́ẹ̀, tí iná kan náà sì ń tú ọṣẹ àti kẹ́míkà inú rẹ̀ ká.

“Bàbá, kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn?” ni dírẹ́bà bi mí. “Mi ò gbé bẹntiróòlù o.”

“Omi ni.”

“Omi? Ṣé omi ti tán n'Íbàdàn ni?”

Gbogbo ọkọ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Ó gba ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ lọ́wọ́ mi, ó tún gba ẹgbẹ̀rún kan lórí kẹ́ẹ̀gì, bí ẹni pé kẹ́ẹ̀gì lẹ́mìí. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo sanwó. Láti Fìdítì dé Mọ́níyà, kòtò lórí kòtò ni. Àárín orúnkún ni mo há kẹ́ẹ̀gì náà sí. Ní Òjóò, mo wọ máíkírà, ọkọ̀ pẹ́ńpẹ́ tí wọ́n ń di èèyàn sí bí ẹ̀kọ, a gba Agbowó kọjá dé Bódìjà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni bá kanlẹ̀kùn á kọ́kọ́ gbọ́ “ẹ wọlé”. Níbí, mégáàdì béèrè orúkọ, iṣẹ́ àti ẹni tí mo ń wá kó tó kí mi káàárọ̀.

Dókítà, obìnrin onímọ̀ tí mo wá rí náà, kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi omi tí wọ́n gbé wá láti ṣọ́ọ̀bù kan ní Challenge hàn mí, omi àwọ̀ ewé tó ń rùn. Ó ri ẹlẹ́kítíróòdù méjì sínú rẹ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí iná ń gbà wọnú omi. Nígbà tó ṣe, ó fa ọ̀kan yọ, bàbà pupa ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ìfófòó orí omi náà ti wálẹ̀, òórùn rẹ̀ ti dín kù. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ó kan tèmi. A dúró, a dúró. Irin náà mọ́ kedere, bàbà kankan kò lẹ̀ mọ́ ọn.

“Bàbá, kí lẹ ṣe sí omi yín?”

Pẹ̀lú ìgbéraga ni mo fi dá a lóhùn. “Eérú àti álọ́ọ̀mù ni mo dà sí i kó lè tòrò, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe omi odò. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń ṣe é láti ọdún mẹ́ta, kí àdúgbò má baà rí ìdọ̀tí nínú gọ́tà. Tòní, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é. Mi ò lè gbé ìdọ̀tí wá bá ọmọlọ́mọ.”

“Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń dà á sí.”

“Eérú àti álọ́ọ̀mù yẹn ló fa bàbà wálẹ̀, Bàbá, inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà ló wà. Ṣé kànga yín jìnnà síbẹ̀?”

Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ.

“Ṣé ẹ̀rọ yín lè fọ kànga? Omi rẹ̀ ni ìyá mi ń mu, wọ́n sì ti ń bì láti bí oṣù méjì.”

“Rárá, Bàbá. Omi tó bá wà nínú ike ló lè fọ̀. Èyí tó ti wọlẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní kí Màmá má mu ún mọ́, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ọsibítù.”

Mo pe ìyá mi, fóònù wọn kò lọ. Mo ń pè wọ́n títí mo fi wọkọ̀ ní Òjóò. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo rí lọ́nà àbọ̀. Mi ò jẹun, mi ò wo ìta. Èébú ni mò ń bú ara mi. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọrà, mo mọ ibi tí àgbàrá ẹ̀yìnkùlé wa ń ṣàn lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo bá ìyá mi níwájú ilé. “Káàbọ̀, ọmọ mi,” wọ́n ní, wọ́n sì bu omi fún mi. Mo gba ife náà, mo dà á nù, mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi nìyí: ìdọ̀tí tí mo fi pamọ́ kúrò lójú aládùúgbò, ìyá mi ni mo fún mu.

Wọn kò bú mi. Wọ́n ń wo ife òfìfo náà.

“Ẹ̀rọ tí o lọ wò yẹn,” wọ́n ní, “ṣé ó lè yọ bàbà kúrò nínú ikùn?”