Ọjọ́ Tí Mo Fi Omi Bo Borokiri

Òǹtẹ̀wé tó ń fi tàpíráítà ṣiṣẹ́ ni ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi ni mò ń ya máàpù. Ọ́fíìsì kan náà la ti ń ṣiṣẹ́, ní D-Line, ní Port Harcourt. Bí àwọn iléeṣẹ́ epo bá fẹ́ gbé páìpù gba ibì kan, àwa la máa ń ya ilẹ̀ ibẹ̀ fún wọn. Yíǹkì, rúlà, pépà gaara tó ń fi ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn, iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n mi nígbà tí mò ń ka A-B-D pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo lè gbé pọ̀n. Ohun tí mo mọ̀, ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo rò pé àwa ayàwòrán ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́. Àwọn òǹtẹ̀wé ni wọ́n mú. Ọ̀gá wa ní ìka tiwọn ti mọ́ bọ́tìnnì lára. Bí ìyàwó mi ṣe wọ inú yàrá tútù tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà sí nìyẹn, tí èmi kù síta lábẹ́ fáànù.

Owú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí. Olùkọ́ tí wọ́n mú wá láti Èkó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, aláwàdà, tó máa ń da lọ́fíńdà sára. "Àǹtí wa" ló ń pe ìyàwó mi. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọkùnrin yẹn bí mi nínú, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé inú iṣẹ́ tèmi ni ìyàwó mi ti ń rẹ́rìn-ín, tí wọn ò sì pè mí sí i.

Ilé wa wà ní Borokiri, ládùúgbò etí omi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń yọ ìṣáwùrù tó rà ní ọjà Creek Road kúrò nínú ìkarahun, ó sì ń ṣàlàyé láìjẹ́ pé mo bi í.

"Kọ̀ǹpútà kì í ya gbogbo ẹ̀ mọ́ra wọn, Dádì. Odò ní ìpele tirẹ̀, títì ní tirẹ̀, ilé ní tirẹ̀. Orúkọ pàápàá ní ìpele tirẹ̀. Ẹ ó wá tò wọ́n léra. Èyí tẹ́ ò bá fẹ́ rí, ẹ ó ṣí i kúrò."

"Pépà gaara náà ń ṣe bẹ́ẹ̀," mo ní.

"Pépà ò lè dáhùn ìbéèrè. Ilé kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ rí lójú kọ̀ǹpútà, a ti kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀: ṣé ilé gbígbé ni, ṣé ṣọ́ọ̀bù ni, ta ló ni ín. Lónìí mo bi í pé kó fi àwọn ilé tó sún mọ́ páìpù jù hàn mí. Kí n tó mí, wọ́n ti di pupa."

Èmi ni mo ya àwọn ilé yẹn. Bí wọ́n bá bi mí ní irú ìbéèrè yẹn, màá fi kọ́ńpáàsì àti rúlà wá a kiri fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tó gbé ọbẹ̀ náà síwájú mi, mo tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀," mo ní. Iyọ̀ ò pọ̀.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi sọ fún wa pé yíyà lọ́wọ́ ti fẹ́ parí. Àwa ayàwòrán méjì la kù. Èkejì mi, ọmọ Ikwerre kan, ti ní òun á gba owó ìfẹ̀yìntì òun, òun á lọ sin ẹja. Ní tèmi, ọ̀gá ní ìjókòó kan ṣì ṣófo nínú yàrá tútù. Bí mo bá lè fi máàpù kan sínú kọ̀ǹpútà dáadáa, tèmi ni. Bí mi ò bá lè ṣe é, kí n máa lọ.

Ìyàwó mi ní òun á kọ́ mi nílé. Mo ní mo ti mọ̀ ọ́n.

Pépà máàpù Borokiri ni wọ́n gbé fún mi lọ́jọ́ ìdánwò. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tábìlì ńlá tí wáyà wà nínú rẹ̀. Mo tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ibi tí pépà náà wà láyé. Ohun kékeré kan wà lọ́wọ́ mi, ó tó ọṣẹ ìfọwọ́, ó ní gíláàsì níwájú àti àmì àgbélébùú nínú gíláàsì náà. Mo ń fi tọ etí omi. Ibi tó bá wọ́, mo tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ibi tó bá nà, ẹ̀ẹ̀kan tó. Ìlà mi ń jáde lójú kọ̀ǹpútà, ó sì dára. Olùkọ́ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Inú mi dùn sí ìyẹn.

"Ó yá, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká fi àwọ̀ kun omi."

Ó tẹ bọ́tìnnì kan. Odò di búlúù. Títì di búlúù, ọjà di búlúù, gbogbo ilẹ̀ pátá di búlúù.

Ọmọ Ikwerre wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó pàtẹ́wọ́.

"Chei! Oga don drown Borokiri! Your own house sef dey inside. Where you go sleep today?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ relé," olùkọ́ ní.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Mi ò mọ ibi tí mo lè wò.

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó wá sí ìdí tábìlì. Ó wo pépà, ó wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Dádì, kí ló dé tẹ́ ẹ dá ìlà dúró níbí?"

"Orúkọ odò wà níbẹ̀. A kì í fi ìlà gé orúkọ."

Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ayàwòrán tó bá fa ìlà gba àárín orúkọ, ẹni yẹ̀yẹ́ ni. Lórí pépà, ojú èèyàn á fi ọ̀rọ̀ náà parí etí omi náà. Kọ̀ǹpútà ò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Bí ìlà ò bá pàdé ara rẹ̀, odò àti ilẹ̀ di nǹkan kan náà lójú tirẹ̀.

"Ẹ ò sọ fún mi rí pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe é," ìyàwó mi ní.

"O ò bi mí."

"Orúkọ ò sí lórí ìpele yìí. Òfo lẹ ń yà fún."

Olùkọ́ na ọwọ́ láti tún un ṣe. Ìyàwó mi gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni."

Mo fa ìlà gba gbogbo àlàfo náà. Ó dà bí ìgbà tí mò ń gé nǹkan tó wà láàyè. Olùkọ́ tún tẹ bọ́tìnnì. Omi padà sáàyè rẹ̀, ilẹ̀ jáde.

Ọ̀gá dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n ti ròyìn fún un. Ó wo iṣẹ́ náà pẹ́. Ó ní ìlà náà dára, ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti máa yẹ iṣẹ́ mi wò kó tó jáde, kí n sì wà lábẹ́ ẹni náà. Ó ní ta ló máa—

"Èmi," ìyàwó mi ní.

Kò jẹ́ kí ọ̀gá parí ọ̀rọ̀. Bó ṣe yá a lẹ́nu tó yẹn gún mi ju ẹ̀rín àárọ̀ lọ. Ọ̀gá yíjú sí mi, ó ní ṣé mo gbà. Mo wo ìyàwó mi. Ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò ní tirẹ̀.

Mo ní mo gbà.

Nínú takisí, a fún mọ́ra wa lẹ́yìn. Ìgbà tá a fẹ́ dé ilé ló bi mí.

"Ṣé inú ń bí yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Sí mi?"

"Sí ìwọ. Sí ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn. Sí kọ̀ǹpútà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ tètè jí lọ́la o. Mi ò fẹ́ kí ẹni tó wà lábẹ́ mi máa pẹ́ débi iṣẹ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ wọ bàtà, tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mò ń retí rẹ̀.