Ìpele Kìíní Ni Mo Ní Lọ́jọ́ Náà

Òórùn sípíríìtì àti ti òróró ìfọwọ́ra ló kọ́kọ́ máa ń kí wa ní yàrá tí a ti ń kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì fún àwọn eléré ìdárayá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, òórùn súyà láti Sábó á gba ibẹ̀ kan, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wá kí ẹ̀kọ́ tó parí. Àwọn ọdún 1980 ti ń lọ sópin nígbà náà. Olùkọ́ tuntun ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní ìlú Ọ̀yọ́, mo wà lára àwọn tó ń mójú tó eré ìdárayá níbẹ̀, àárọ̀ Sátidé ni mo sì máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ.

Ìpele mẹ́ta ni ìwé ẹ̀rí náà ní. Ìkìíní ń kọ́ni bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bí a ṣe ń fi omi tútù sí ibi tó wú, àti irú ẹni tí kò yẹ ká gbé nílẹ̀. Ìkejì ló ń kọ́ni bí a ṣe ń di egungun tó ṣẹ́ àti bí a ṣe ń gbé ẹni tó fara pa lọ́rùn. Ẹni tó bá ní ìkẹta lè kọ́ ẹlòmíràn. Ọkùnrin tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ náà sọ fún mi pé ìkìíní ti tó obìnrin, torí pé ẹni tó bá ní ìkejì ni yóò máa sáré wọ pápá láàárín àwọn ọkùnrin. Mo bi í pé ṣé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ máa ń bèèrè bóyá obìnrin ló ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ orúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀. Inú bí mi débi pé n kò ra súyà lọ́jọ́ yẹn, ìwọ ọ̀rẹ́ mi náà sì mọ bí mo ṣe fẹ́ràn ẹran tó. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń kọ́ wa rí ojú mi, ó pè mí sẹ́yìn ilé.

"Má jẹ́ kí èyí tí mo kọ́ ẹ kéré lójú ẹ," ló wí. "Ẹni tó bá forí tàbí ọrùn gbalẹ̀, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fà á."

Kò pẹ́ sígbà náà tí ilé-ìwé kan fi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá tiwa gbá bọ́ọ̀lù ìdíje ní Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá borí ló máa lọ sí Ìbàdàn. A ṣì wà lórí ọ̀mì nígbà tí atamátàsé wa fò sókè fún bọ́ọ̀lù, tó sì forí sọlẹ̀. Eruku pupa sọ, kò sì dìde. O mọ bí a ṣe ń ṣe é lórí pápá nígbà náà: ẹnì kan á fa ẹsẹ̀ ẹni tó ṣubú, ẹnì kan á gbé e níbàdí gbọ̀n, ẹlòmíràn á da omi sí i lójú. Ẹni tó bá láyà jù lára wọn á wá di orí rẹ̀ mú, á fa ọrùn rẹ̀ kó dún, wọ́n á ní ó ti padà sáyè rẹ̀. Àánú ni wọ́n fi ń ṣe é, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Kóòṣì wa ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè láti fa ọrùn náà kí n tó sáré wọ pápá. Mo kúnlẹ̀, mo di orí ọmọ náà mú láàárín ọwọ́ mi méjèèjì, mo ní kó má mira.

"Àǹtí, ẹ fún wa láyè," ni kóòṣì wí.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, sà."

Pírínsípà wa alára dé, ó ń mí gúlegúle. "Ìpele kìíní lẹ ní. Ta ló ní kẹ́ ẹ wọ pápá? Ẹ dìde níbẹ̀."

"Mi ò ní dìde, sà, àfi tí ọkọ̀ bá dé."

Rẹfirí ń fọn fèrè. Àwọn èrò ń hó, ẹnì kan ń pariwo pé obìnrin ló fẹ́ ba eré jẹ́. Orúnkún ń ro mí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bóyá èmi gan-an ni mò ń ṣe àṣìṣe. Ìgbà náà ni ọmọ náà gbójú sókè wò mí, ó ní, "Mà, mi ò mọ ẹsẹ̀ mi lára." Bí mo ṣe gbọ́ ìyẹn, kò sí àṣẹ pírínsípà tó tún lè gbé mi kúrò nílẹ̀. Kóòṣì náà gbọ́ ọ. Òun ló lọ yọ ilẹ̀kùn kíláàsì kan wá, a rọra gbé ọmọ náà sórí rẹ̀, n kò sì fi orí yẹn sílẹ̀ títí pikọ́ọ̀pù fi gbé wa dé ọsibítù.

Dókítà ní egungun ọrùn rẹ̀ ti sán, pé ká ní wọ́n fà á ni, kò ní rìn mọ́ láéláé. Ó pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ó rìn. Wọ́n fi ìdíje náà fún àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, torí pé a kò jẹ́ kí eré tẹ̀ síwájú. Pírínsípà yọ mí kúrò nídìí eré ìdárayá, ó ní àfi kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun níwájú gbogbo ilé-ìwé. N kò tọrọ rẹ̀. N kò sì ní tọrọ rẹ̀ bí wọ́n bá tún bi mí lónìí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo jókòó síwájú ọkùnrin olùṣètò yẹn, mo ní n kò ní lọ sílé àfi tó bá kọ orúkọ mi sí ìpele kejì. Ó fa ìwé rẹ̀ jáde, ó kọ ọ́. Nígbà tó yá, mo gba ìkẹta náà.

Àwọn tí mò ń kọ́ báyìí máa ń bi mí pé èwo ló ga jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo máa ń sọ pé ìkẹta ni, torí òótọ́ ni, ìkejì náà sì kọ́ mi ní ohun tí ọwọ́ mi kò mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìkìíní ni mo fi kúnlẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé ní kí n dìde. Atamátàsé wa ti di awakọ̀, Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń ná. Bó bá rí mi ní gáréèjì, kì í tètè kí mi. Á kọ́kọ́ yí ọrùn rẹ̀ sọ́tùn-ún, á yí i sósì, kí n rí i dáadáa, kó tó dọ̀bálẹ̀.